Ohun Tó Fà Á

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jókòó
lẹ́yìn tábìlì onígi afárá yìí,
ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Iléṣà,
tí mò ń kọ orúkọ òkú.
Orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, ọjọ́ tó kú,
lẹ́yìn náà òpó tóóró kan lápá ọ̀tún:
OHUN TÓ FÀ Á.
Òpó náà ò fẹ̀ ju àtàǹpàkò mi lọ.

“Ikọ́,” ni mo kọ fún Bàbá Fápọ̀hùndà ará Ìsọ̀kùn.
“Èémí,” ni mo kọ fún ìyàwó Arówojòbẹ.
“Ọjọ́ ogbó,” nígbà tí ọmọ olóògbé bá dákẹ́
tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí ìwé lójoojúmọ́
yóò mọ ibi tí ìwé ti wúwo.
Nínú oṣù Òkúdù, ojú ewé kan lè gbé wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Òjò á ti fọ ojú ọ̀run,
àwọn arúgbó á jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n á máa bá ọmọdé jà nítorí bọ́ọ̀lù.

Ó di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé,
tí òkè Ìmọ̀ bá pòórá lójú fèrèsé mi,
táwọn onípákó tún dáná sun eérún igi:
èéfín ò ráyè gòkè,
ilẹ̀ ní í máa wọ́ bí ejò,
á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kò ní kágò.
Ọ̀sẹ̀ kan, ojú ewé mẹ́ta.

Kí n tó ní kí n mí, Ẹrẹ́nà dé,
ooru tí kì í relé lálẹ́.
Páànù ń dún ta, ta, títí di aago méjì òru.
Dérinọ́lá, ní Àyèsọ, tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀
kí fáànù lè fẹ́ sí Ìbíjọkẹ́, ọmọ oṣù mẹ́rin.
Fáànù yí.
Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló ń fẹ́ sí i.
“Ibà,” ni mo kọ.
Ìyá ọmọ ló ní ibà ni.
Ara rẹ̀ gbóná, ó ní, ó gbóná bí ògiri.

Àwọn àgbà ní èéfín kì í ṣeé bò mọ́lẹ̀.
Wọn ò tíì rí òpó kékeré mi.

Lọ́jọ́ kan nínú Ṣẹ́rẹ́, ọmọkùnrin kan wọlé,
òun gan-an ló ń ṣáná sí eérún igi;
òórùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.
Ìyá rẹ̀ àgbà ló kú.
“Kí ló fà á?”
Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ pé Ọlọ́run gbà á.”
Mi ò lè wò ó lójú.
Níbo ni wọ́n ní kó kó eérún náà sí?
Èmi náà ń kọ́, jẹnẹrétọ̀ mi wà lẹ́yìnkùlé.
Mo gbé gègé, mo fẹ́ kọ èémí,
ọwọ́ mi kọ èéfín.
Ọ̀rọ̀ méjèèjì kúkú jọra,
àfi ẹni tó bá pe wọ́n síta ló lè mọ ìyàtọ̀.
Mi ò pa á rẹ́.

Ọ̀gá wa fi bírò pupa fa igi lé e.
Ó ní, “Ògúnmódẹdé, ta ni kò mọ̀ pé ọyẹ́ ń pa arúgbó?
Kọ ohun tí wọ́n bá wí.”

Mò ń kọ ohun tí wọ́n bá wí.
Ṣùgbọ́n létí ìwé, níta ìlà,
níbi tí bírò pupa kì í dé,
mo ń fi pẹ́ńsù kọ díẹ̀díẹ̀:
Ọyẹ́. Ìrọ̀lẹ́ gbẹ. Wọ́n sun eérún igi.
Òkè Ìmọ̀ ò hàn lónìí.